Ṣíṣí Èhù Ewébẹ̀ Tí Ó Ṣù Jọ

Ní ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò ba oko tòmátò jẹ́ ní Kàdúná, ọ̀wọ́n tòmátò dé ọjà Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín pẹ̀lú. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé ti mọ̀ pé ó yẹ kí a gbin díẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí a ń fọ́n kì í dé inú ìkòkò, nítorí pé a kì í tú u ká.

Kóró tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí wọ́n tó fọ́n ọn. Síbẹ̀, a máa hù bí irun orí. Àánú kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fa ọ̀kan tu, àánú náà ni ó sì ń pa wọ́n. Èhù tí ó há mọ́ra a máa jìjàdù ìmọ́lẹ̀, omi àti oúnjẹ ilẹ̀. Wọn a ga láìsanra, atẹ́gùn kì í ráyè kọjá, ọ̀rinrin a sì fa àrùn tí ń mú ìdí wọn rà.

Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ kẹta fún tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, ìkẹrin fún tòmátò, kí a ṣí wọn. Ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, kí a dín omi wọn kù, kí ara wọn lè le. Ìrọ̀lẹ́ ni kí a yàn. Kí a bomi rin ebè náà, kí a fi igi ṣóńṣó gbé gbòǹgbò jáde pẹ̀lú erùpẹ̀. Ewé ni kí a mú, kì í ṣe igi rẹ̀: bí ewé bá ya, òmíràn yóò rú, bí igi bá ṣẹ́, ó parí. Ẹsẹ̀ bàtà kan tó fún tẹ̀tẹ̀. Tòmátò ń fẹ́ bíi méjì. Kí a bomi rin wọ́n, kí a sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún.

Ilá kò sí nínú ètò yìí. Gbòǹgbò rẹ̀ a máa lọ sísàlẹ̀ tààrà, kì í sì fẹ́ ìdààmú. Ibi tí yóò ti so ni kí a gbìn ín sí.

Èyí tí a fà tu kò ṣòfò. Ọmọ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ dára fún ọbẹ̀. Ti tòmátò kì í ṣe jíjẹ, ẹ fún aládùúgbò gbìn. Ní òjò tí ń bọ̀, ẹ fi ebè kan lé àwọn ọmọ yín lọ́wọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tú u ká.