Bí oníbàárà bá ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀rọ tó ń ta ọkàn jí

Lọ́jọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ọdún 1989, Samuel Okwaraji ṣubú lulẹ̀ níbi tí Nàìjíríà ti ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù ní Sùúrùlérè. Kò dìde mọ́. Lọ́dún 2021, ọkàn Christian Eriksen náà dákẹ́ lórí pápá ní Copenhagen, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ àyà rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ oníná ta ọkàn rẹ̀ jí. Nígbà tó di 2022, ó ti padà sórí pápá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn oníṣòwò Ìdúmọ̀tà, Balógun àti Jankárà. Bí ìṣẹ́jú kan bá kọjá láìsí ìrànlọ́wọ́, ìrètí ìyè ń dín ní nǹkan bí ìdá 10 nínú 100. Ọ̀dàn tí ọsibítù wà kò jìnnà, àmọ́ èrò àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tètè kọjá.

Bí ẹnì kan bá dákú tí kò mí dáadáa, ẹ pe 767 tàbí 112. Ẹ máa tẹ àárín àyà rẹ̀ kíkankíkan, ìgbà 100 sí 120 níṣẹ̀ẹ́jú kan. Kí ẹlòmíràn tan ẹ̀rọ náà. Fúnra rẹ̀ ni yóò máa sọ ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹ tú aṣọ àyà, ẹ nu òógùn, kí ẹ lẹ ọ̀kan nínú ohun àlẹ̀mọ́ méjèèjì sókè àyà lọ́tùn-ún, èkejì sábẹ́ abíyá òsì. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án bí ẹ̀rọ bá ń yẹ ọkàn wò tàbí tó fẹ́ ta iná. Bí ọkàn ò bá nílò iná, ẹ̀rọ kò ní ta á. Lẹ́yìn náà, ẹ tún máa tẹ àyà lọ.

Owó ẹ̀rọ yìí lè ga jù fún ṣọ́ọ̀bù kan, ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ẹgbẹ́ ọjà lè dá owó rà á. Kí wọ́n má tì í mọ́ ọ́fíìsì, kí wọ́n sì máa yẹ bátìrì àti ohun àlẹ̀mọ́ rẹ̀ wò, nítorí wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ń bàjẹ́.