Ẹ̀rọ Tí Ń Sọ Ogún Ìwé Di Ẹyọ Kan

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rí tí kò mọ ìṣòro yìí. Olùkọ́ yóò ní kí a lọ wo ohun tí àwọn onímọ̀ ti sọ lórí kókó kan. Bí a bá dé ilé-ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ogún tàbí ọgbọ̀n àpilẹ̀kọ lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni yóò kà wọ́n tán? Èyí ló mú kí àwọn onímọ̀ máa kọ́ kọ̀ǹpútà láti ka ìwé púpọ̀, kí ó sì sọ kókó wọn ní ṣókí.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1958, Hans Peter Luhn, òṣìṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, ní kí ẹ̀rọ ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ yọ nínú àpilẹ̀kọ. Kò ka àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́, irú 'ti' àti 'sí' tiwa, kún. Gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ pàtàkì bá pọ̀ sí, tí wọ́n sì sún mọ́ra, ni ẹ̀rọ yóò ṣà jọ.

Ṣùgbọ́n bí ìwé bá di púpọ̀, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń sọ. Nítorí náà, ní 1998, Jaime Carbonell àti Jade Goldstein ní kí ẹ̀rọ wo nǹkan méjì kí ó tó mú gbólóhùn: ṣé ó bá ohun tí à ń wá mu? Ṣé kò jọ èyí tí a ti mú tẹ́lẹ̀? Ní 2004, Güneş Erkan àti Dragomir Radev sọ ọ́ di bí ìdìbò: gbólóhùn tí ọ̀pọ̀ gbólóhùn mìíràn bá jọ ló wọlé. Lóde òní, àwọn ẹ̀rọ kan ń fi ọ̀rọ̀ ara wọn ròyìn ìwé, nígbà mìíràn wọ́n a sì sọ ohun tí kò sí nínú ìwé kankan.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Èkíní ni àmì ohùn. Bí a bá tẹ ìwé Yorùbá láìsí àmì, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin àti ọ̀kọ̀ jagunjagun di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lójú ẹ̀rọ, ìṣirò rẹ̀ sì dàrú.

Èkejì ni àríyànjiyàn. Samuel Johnson, nínú The History of the Yorubas tí a tẹ̀ ní 1921, ní apá ìlà-oòrùn ni àwọn baba ńlá wa ti wá. Ìtàn Ifẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n ni Odùduwà fi rọ̀ láti ọ̀run. Bí a bá fi ìdìbò yanjú èyí, ìtàn tí àwọn òǹkọ̀wé ń tún kọ léraléra ni yóò borí, ìbáà jẹ́ òun kọ́ ló ní ẹ̀rí jù. Bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni olùwádìí ń wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ júwe ọ̀nà fún wa, ṣùgbọ́n kí a fi ojú ara wa ka ìwé. Kí a sì máa fi àmì sórí iṣẹ́ tiwa kí a tó gbé e síta. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.