Abẹ́rẹ́ Ṣáínà fún Ẹ̀yìn Dídùn

Ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀kan nínú wa wá béèrè ẹ̀yáwó láti lọ gba abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún, bẹ́ẹ̀ gbèsè àkọ́kọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ariwo sọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wádìí ẹ̀ ná.

Abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe irú èyí tí nọ́ọ̀sì ń gún wa. Kò sí oògùn nínú ẹ̀, kò sì dà bíi gbẹ́rẹ́ tí a ń fi oògùn ra. Ó tín-ín-rín gan-an. Wọ́n á gún un bọ awọ ara, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún bíi 20 sí 30 ìṣẹ́jú, wọ́n á yọ ọ́.

Ní 1971 ni òkìkí rẹ̀ kàn dé Amẹ́ríkà. James Reston, akọ̀ròyìn New York Times, ṣe iṣẹ́ abẹ ní Peking. Àwọn kan ń sọ ọ́ kiri pé abẹ́rẹ́ yìí ni wọ́n fi là á láìlo oògùn. Irọ́ ni o! Oògùn apara-kú ti òyìnbó ni wọ́n lò. Ìgbà tí inú ń ni ín lára lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gún un ní ìgúnpá àti ìsàlẹ̀ orúnkún, ó sì kọ ọ́ pé ara tu òun.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Jámánì. Ní 2007, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí 1,162 ènìyàn tí ẹ̀yìn ti ń dùn tipẹ́. Wọ́n gún àwọn kan síbi tí ìlànà Ṣáínà wí, wọ́n gún àwọn kan síbi tí kì í ṣe ojú rẹ̀, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní ìtọ́jú dókítà bó ṣe máa ń rí. Lẹ́yìn oṣù 6, bíi 48 nínú 100 ni ara tù nínú àwọn àkọ́kọ́, 44 nínú àwọn kejì, 27 péré nínú àwọn kẹta. Ẹ ò rí nǹkan? Abẹ́rẹ́ ran wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n gún kò fi bẹ́ẹ̀ jámọ́ nǹkan. Lójú tèmi (ẹ̀yìn ń dùn èmi náà, ìjókòó ti ìwé ìṣirò ló fà á), ìsinmi àti ìrètí wà lára ohun tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kí ó rí i pé ojú òun ni wọ́n ti já abẹ́rẹ́ tuntun nínú ọ̀rá. Abẹ́rẹ́ àlòkù lè kó àrùn ẹ̀dọ̀ ranni. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ kò ṣeé mú dúró mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ó sáré lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ti ẹ̀yáwó yẹn, kòmítì ti fọwọ́ sí owó àyẹ̀wò lọ́dọ̀ dókítà. Owó abẹ́rẹ́ ṣì ń dúró de èsì.