Òdiwọ̀n tí kì í yẹ̀: wíwọn afẹ́fẹ́ ẹnu ní Àjàṣẹ́

Ní Àjàṣẹ́, níbi tí Ègùn àti Yorùbá ti jọ ń gbé, mo wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fún pọ̀ tó lẹ́nu nígbà tí a bá pe /kp/ àti /gb/, ìró tí èdè méjèèjì ní. Ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ náà, tó ní bátìrì tirẹ̀, ń fi fóltì ránṣẹ́ sí Arduino, èyí sì ń sọ ọ́ di nọ́ńbà láti 0 dé 1023. Nígbà tó di ọ̀sán, gbogbo /kp/ bẹ̀rẹ̀ sí í le sí i. Irọ́ ni. Bátìrì Arduino ló ń rẹ̀.

Èyí kò yẹ kó ya onímọ̀ ẹ̀dá èdè lẹ́nu. Ohùn òkè kò ní hertz kan pàtó; ohùn yòókù ẹni tó ń sọ̀rọ̀ la fi ń dá a mọ̀. Nọ́ńbà Arduino náà kì í ṣe fóltì, ìpín ni lára fóltì òdiwọ̀n, ìyẹn fóltì bátìrì bí a kò bá yí i padà. Bí òdiwọ̀n bá jẹ́ 5, fóltì 1 á fúnni ní 204. Bó bá wálẹ̀ sí 4.6, fóltì 1 kan náà á di 222.

TL431 ni mo fi tún un ṣe. Mo so ẹsẹ̀ REF rẹ̀ mọ́ cathode, anode lọ sí ground, résísítọ̀ 1 kΩ sì gbé iná bátìrì wá. Fóltì ibẹ̀ dúró sí nǹkan bíi 2.5, mo sì so ó mọ́ AREF. (Ẹ kọ analogReference(EXTERNAL) kí ẹ tó ka ohunkóhun, kí ṣíìpù má bàa bàjẹ́.)

Ẹ̀rọ bíi MPX5010 yàtọ̀: bí iná tó ń lò bá dínkù, fóltì tó ń gbé jáde náà á dínkù. Iná kan náà ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n fún un.

Àkọsílẹ̀ ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo dà nù. N kò kọ fóltì bátìrì sílẹ̀.