Ajá Yín Ń Ṣàìsàn: Ṣé Àǹtíbáyọ́tíìkì Ni, Tàbí Àgbo?

Ìwé ìlàlóye fún àwọn ìdílé Yorùbá ní Grand Prairie àti agbègbè Dallas

Bí ajá bá ń wúkọ́ tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ọkàn ọ̀pọ̀ wa máa ń lọ sórí Ampiclox tó ṣẹ́kù nílé, tàbí àgbo tí àwọn ìyá wa ń sè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà ẹranko mọ ohun tó ń ṣe é. Oògùn tó wo ajá aládùúgbò yín sàn lè pa tiyín lára.

Kí ni àǹtíbáyọ́tíìkì lè ṣe?

Bakitéríà ló ń pa. Kò ran fáírọ́ọ̀sì rárá.

• Ikọ́ tó ń ràn láti ara ajá kan sí èkejì: fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń fà á. Bí ajá bá ṣì ń jẹun, tí ara rẹ̀ sì yá, ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọjọ́ 10.
• Ìgbẹ́ gbuuru tí kò le: omi àti oúnjẹ tó rọrùn láti dà nínú ló sábà máa ń tó.
• Àrùn Ehrlichia tí eégbọn ń gbé kiri: èyí nílò àǹtíbáyọ́tíìkì dandan. Doxycycline fún ọjọ́ 28 ni wọ́n sábà máa ń lò. Kò sí ewé tó lè dípò rẹ̀.

Ìtọ́jú ilé: èyí tó dára àti èyí tó léwu

• Ọṣẹ ìwẹ̀ ajá tó ní chlorhexidine lè wo àkóràn awọ ara tí kò tíì wọlé jinlẹ̀ láìlo oògùn oníhóró. Ẹ jẹ́ kó wà lára ajá fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó ṣàn án.
• Oyin tí wọ́n ṣe fún ìtọ́jú egbò ń ran egbò lọ́wọ́, bí dókítà bá ti rí egbò náà.
• Ayù àti àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ì báà jẹ́ tútù tàbí sísè. Ẹ má fi wọ́n sí àgbo ajá.
• Òróró tea tree lè mú kí ajá máa gbọ̀n, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má sì ran ilẹ̀ mọ́.
• Epo pupa kì í ṣe ẹ̀rọ̀ fún ajá tó jẹ májèlé. Bí ẹ bá rọ ọ́ sí i lẹ́nu tipátipá, ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ.
• Ẹ má fún un ní paracetamol tàbí ibuprofen.

Kí ló dé tí wọn kò ta àǹtíbáyọ́tíìkì lórí àtẹ mọ́?

Láti ọjọ́ 11, oṣù Kẹfà, ọdún 2023, àjọ FDA ti ní kí wọ́n má ta àǹtíbáyọ́tíìkì ẹranko tó ṣe pàtàkì fún ìtọ́jú ènìyàn láìsí ìwé dókítà. Òfin Texas sì ní dókítà gbọ́dọ̀ ti fojú kan ajá náà kó tó kọ ìwé náà. Orí fóònù nìkan kò tó.

Ìdí wà fún un. Láàárín ọdún 2016 sí 2018, bakitéríà Campylobacter ti ara àwọn ọmọ ajá tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ran àwọn ènìyàn tó lé ní 100 ní Amẹ́ríkà, àwọn oògùn tí a sábà fi ń wò ó kò sì ràn án. Nínú ọmọ ajá 149 tí wọ́n tọpinpin, 142 ló ti gba àǹtíbáyọ́tíìkì. Ìlòkulò oògùn lára ajá lè di ìṣòro ọmọ yín tó ń bá a ṣeré.

Ẹ bi dókítà pé:

• Ṣé bakitéríà ni? Àyẹ̀wò wo ló lè fi hàn?
• Ṣé a lè máa ṣọ́ ọ ná?
• Ọjọ́ mélòó ni yóò lo oògùn náà?

Ẹ sọ gbogbo àgbo tí ẹ ti fún un. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ lo oògùn tán bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ẹ má dúró rárá bí:

• ó bá ń mí tipátipá, tàbí tí erìgì rẹ̀ funfun
• ó bá ń bì lemọ́lemọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀
• ọmọ ajá tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pé bá kọ oúnjẹ. Ó lè jẹ́ àrùn parvo
• kò bá lè tọ̀

Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Bí ajá yín bá jẹ májèlé, ẹ pe ASPCA Animal Poison Control tọ̀sán-tòru: 888-426-4435. Wọ́n lè gba owó.