Omi Ọmọ Yín Dà, Kí Ẹ Tó Wọ Aṣálẹ̀?

Ẹ̀yin ìdílé tó wà ní Dar es Salam, ní Niamey, tí ẹ fẹ́ jọ wa jíìpù gba inú yanrìn, kí ẹ sì sùn nínú àgọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn aláṣẹ bóyá ewu kò sí lọ́nà. Omi ló tẹ̀ lé e. Lóṣù kẹrin, ooru Niamey máa ń ju 40°C lọ, omi ara ọmọdé kì í sì í pẹ́ gbẹ.

Ẹ pín omi sínú gbogbo ọkọ̀, torí ọ̀kan lè rì sínú yanrìn. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọyàn nìkan ni kẹ́ ẹ máa fún un, lemọ́lemọ́.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé, ẹ lo ORS. Bí kò bá sí, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì mọ́ omi mímọ́ lítà 1. Kó má kún ju ẹnu ṣíbí lọ o.

Bí ojú ọmọ bá jìn, tí kò tọ̀, tàbí tí ara rẹ̀ rọ jọwọrọ, ilé ìwòsàn yá. Nítorí náà, kí ẹ tó gbéra, ẹ fẹnu kò sórí ọkọ̀ tí yóò gbé aláìsàn padà. Ọkọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ dúró de ẹnikẹ́ni.