Gbogbo Inú Rírun Apá Ọ̀tún Kọ́ Ni Àpẹ́ńdíìsì

Bí inú bá ti ń ro èèyàn nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kíá la ó ti gbọ́ pé, "Àpẹ́ńdíìsì ni!" Òun ló wọ́pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn kan wà tó fara jọ ọ́.

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni oyún tó dúró síta ilé ọmọ, lójú ọ̀nà tí ẹyin obìnrin ń gbà. Kò lè di ọmọ. Bó bá bẹ́, inú ikùn ni ẹ̀jẹ̀ ń dà sí, a lè má rí púpọ̀ lójú ara. Òòyì á máa kọ́ni, kódà èjìká lè máa dunni (ta ló máa ro ti ikùn mọ́ èjìká?). Ìdí nìyí tí dókítà fi ń béèrè nǹkan oṣù, tó ń ní ká tọ̀ sínú ike. Ẹ má bínú sí i, ẹni tó ti ṣe fètò-sọ́mọ-bíbí pàápàá lè ní in.

Ilé ẹyin náà lè lọ́ mọ́ra: inú á ṣàdédé mú, èébì á tẹ̀ lé e. Bí wọn ò bá tètè tú u, á bàjẹ́.

Àpò kékeré kan tún wà lára ìfun, tí wọ́n ń bí mọ́ nǹkan bí èèyàn 2 nínú 100. Meckel, ará Jámánì, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1809. Bó bá wú, ìgbà míì, orí tábìlì iṣẹ́ abẹ ni dókítà ti ń mọ̀ pé kì í ṣe àpẹ́ńdíìsì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lo oògùn ìyàgbẹ́ sí i. Ẹ fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún aládùúgbò, kí ẹ gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an.